Àjogúnbá

Bí ọmọ bá ti ń ṣàìsàn láti kékeré, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sọ pé àìsàn àjogúnbá ni. Ọ̀rọ̀ náà kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Inú “jogún” ló ti jáde, èyíinì ni jẹ àti ogún. Ilẹ̀ lè jẹ́ àjogúnbá, ilé náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti ìlera, ohun tí ọmọ gbà lára òbí nípasẹ̀ jíìnì ni. Ẹ gbọ́ ọ báyìí: “Òkúta inú kíndìnrín tó ń yọ ọmọ náà lẹ́nu, àjogúnbá ni.”

Àbímọ́, ìyẹn àìsàn tí wọ́n bí mọ́ ọmọ, ni wọ́n sábà máa ń dà á pọ̀ mọ́. Àrùn tó kọlu ìyá nínú oyún lè fa àbímọ́. Àjogúnbá sì lè fara pamọ́ fún ọdún púpọ̀.

Àwọn òbí kan a sọ pé: “Kò sẹ́ni tó ní àìsàn náà nínú àwa méjèèjì.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, bí òbí méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS ṣe lè bí ọmọ SS. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn àjogúnbá kan tó ń fa òkúta inú kíndìnrín, primary hyperoxaluria: nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ọmọ ń ṣe oxalate jù, èyí a dara pọ̀ mọ́ calcium, a di òkúta. Yíyọ òkúta nìkan kò tó; lára ìtọ́jú rẹ̀ ni omi púpọ̀ tọ̀sán-tòru, potassium citrate, Vitamin B6 fún àwọn tó bá lára mu, àti lumasiran, abẹ́rẹ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2020 fún oríṣi kìíní àìsàn náà.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá rí òkúta nínú kíndìnrín ọmọ yín, ẹ bi dókítà bóyá àjogúnbá ni, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ wò.