Àwọn Ará Àbíjàn Ńkọ́?

Bí wọ́n bá ń dá ọjọ́ ìgbéyàwó ní agboolé wa ní Ilé-Ogbó, kì í ṣe iye ẹran tí a ó pa ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn àgbà ni pé, "Àwọn ará Àbíjàn ńkọ́?" Bí àwọn yẹn kò bá tíì sọ ìgbà tí wọ́n lè wọlé, a jẹ́ pé ọjọ́ kò tíì dá nìyẹn.

Àlejò lè rò pé fáàrí ni. Ilé-Ogbó nìyí, nítòsí Ìwó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àbíjàn sì wà lọ́hùn-ún ní Côte d'Ivoire. Láti Èkó nìkan dé ibẹ̀, ní ọ̀nà etí òkun, ó tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Bodè mẹ́rin ló wà lójú ọ̀nà náà: ti Bẹ̀nẹ̀, ti Tógò, ti Gánà, ti Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀. Kí ló wá dé tí a kò lè so yìgì láìjẹ́ pé àwọn èèyàn yìí dé?

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn díẹ̀. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ilẹ̀ wa, ẹsẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń rìn. Rélùwéè tí àwọn òyìnbó là láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba ilẹ̀ Ìwó kọjá, ó dé Òṣogbo ní 1907. Láti ìgbà náà ni ayé ti fẹ̀ lójú ọmọ tó wà nínú oko iṣu ní Ilé-Ogbó. Á wọ rélùwéè lọ Èkó, á ti ibẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Gold Coast, ilẹ̀ tó ń jẹ́ Gánà láti 1957. Kòkó wà níbẹ̀, wúrà wà níbẹ̀, ọjà sì ń tà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, ará Ìwó, gbogbo wọn ló tẹ́ àtẹ káàkiri ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gánà ka èèyàn ní 1960, Yorùbá tí wọ́n bá níbẹ̀ tó bíi ọ̀kẹ́ márùn-ún, èyíinì ni 100,000.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló dúró sí Gánà o. Àwọn kan tẹ̀ síwájú lọ sílẹ̀ àwọn Faransé, pàápàá lẹ́yìn tí Àbíjàn di olú-ìlú ní 1934, tí wọ́n sì wá gbẹ́ ọ̀nà omi láti inú ọ̀sà já sí òkun ní 1950 kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Bí a bá ń sọ ti Àbíjàn, Èjìgbò ni bàbá, ẹnikẹ́ni kò lè bá wọn du ìyẹn. Títí dòní, ẹ ó bá ọmọ Èjìgbò tó ń sọ Faransé bí ẹni ń mumi. Àmọ́ àwa aládùúgbò wọn náà kò jókòó sílé.

Ọkùnrin tó bá lọ báyìí, àpótí kan ṣoṣo ló máa ń gbé dání. Ó lè lo ọdún márùn-ún, ó lè lo méje. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà á ti ilé dé. Ìyá rẹ̀ ló ní kí akọ̀wé bá òun kọ ọ́: a ti rí ìyàwó fún ọ, máa bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òde òní á ní kí ló kan ìyá nínú ìyẹn. Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó wà lájò ní ṣọ́ọ̀bù, kò nílé. Ilé rẹ̀ wà nílé. Àna tó wà ní Ilé-Ogbó ni yóò máa yọjú wo ìpìlẹ̀ tó fi sílẹ̀, òun ni yóò máa kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ìyàwó tó gbé lọ ni yóò máa ki àwọn ọmọ ní oríkì nínú yàrá kan ní Tírẹ́ṣífúlù tàbí Adjamé. Àwọn kan fẹ́ ọmọ ibẹ̀, wọn kò sì ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, bí kì í bá ṣe ti ìgbéyàwó tó ń fà wọ́n wálé, ọ̀pọ̀ wọn ì bá ti di ará ọ̀hún pátápátá kí ọmọ-ọmọ tó dé.

Nígbà kan, owó kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Owó kan náà ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe ìjọba ní Nàìjíríà àti ní Gold Coast. Ṣílè tí èèyàn tọ́jú sí Kùmásì fún ìdána, á ná an lọ́jà Ìwó láìpààrọ̀ tọ́rọ́. Gánà bẹ̀rẹ̀ sí ní owó tirẹ̀ ní 1958, tiwa tẹ̀ lé e ní 1959. Láti ìgbà náà ni àwọn onípààrọ̀ owó ti ń jẹun ní bodè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Nàìjíríà ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì nígbà náà, bí àwọn òyìnbó ṣe kọ́ wa. Dàhòmì, tó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, ọwọ́ ọ̀tún ni tiwọn. Tógò, ọ̀tún. Gánà, òsì. Côte d'Ivoire, ọ̀tún. Nítorí náà, awakọ̀ tó bá kó ìyàwó tuntun láti Ilé-Ogbó lọ Àbíjàn yóò yí ọwọ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó débẹ̀, yóò sì tún yí i lẹ́ẹ̀mẹta bó bá ń bọ̀. Ẹ ro ti òru sí i, ẹ ro ti òjò, ẹ ro ti lọ́rì tí ẹrù ìyàwó kún orí rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Ó yẹ kí àwọn àna máa fi owó ìdúpẹ́ awakọ̀ kún owó ìdána. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Gánà ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ 1974. Ìgbà yẹn ni ojú ọ̀nà etí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọwọ́ kan.

Kó tó tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà yẹn ti rí omijé. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá! Ẹni tó ti fi ogún ọdún to ọjà jọ ń tà á ní ẹ̀dínwó ní ìdájí. Ẹni tó ń kó ẹrù ìyàwó jọ, àwo tánganran, abọ́, aṣọ, kó o sórí lọ́rì láìsí ọjọ́ ìgbéyàwó kankan nílé. A kò gbọdọ̀ purọ́ fún ara wa o: ní oṣù Kìn-ín-ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà, ojú ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n gbà, àpò tí wọ́n kó ẹrù sí ni à ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Ẹni tí wọ́n lé lánàá ló ń wo ẹni tí a ń lé lọ.

ECOWAS ti wà nígbà náà. Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1975. Ní 1979 ni wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Lórí ìwé, ó dára. Ní 1984, ìjọba ológun tiwa ti àwọn bodè orí ilẹ̀ pa, títí di 1986. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 1984 yẹn kan náà ni wọ́n yí àwọ̀ owó náírà padà. Ẹni tó wà lẹ́yìn bodè tó sì ti ń tọ́jú náírà fún ìnáwó ilé, bébà ló kù sí i lọ́wọ́.

Ìgbéyàwó tí n kò lè gbàgbé ní agboolé wa ṣẹlẹ̀ ní 1991, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Àbíjàn ni ọkọ ìyàwó ń bọ̀ láti ibẹ̀. Lóme ló ti ra àǹkárá aṣọ ẹbí, lọ́dọ̀ àwọn ìyá olówó tí wọ́n ń pè ní Nana Benz, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti fi gbogbo agboolé lọ́kàn balẹ̀ pé òun kò ní ra ti Ìwó. Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó wọlé. Ọjọ́bọ̀ kọjá. Ọjọ́ Ẹtì kọjá. Kò sí fóònù tí èèyàn á fi béèrè; ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM tó dé Nàìjíríà. Ní àárọ̀ Sátidé, màlúù ti wà lórí iná, ààfáà ti jókòó, ìyàwó ti kun làálì, àwọn obìnrin wa kò sì ní aṣọ ẹbí lọ́rùn, oríṣiríṣi aṣọ àtijọ́ ni wọ́n wọ̀.

Bàbá àgbà dìde. Ó ní ṣé kò sí àyè aṣojú nínú ẹ̀sìn ni? Ààfáà ní ó wà. Àbúrò ọkọ ló bá jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ka sàdáàkì níwájú gbogbo ayé, wọ́n so yìgì. Ẹlẹ́rìí pọ̀, ẹran pọ̀, ọkọ nìkan ni kò sí.

Lálẹ́ Mọ́ńdè ni bọ́ọ̀sì wọ ìlú. Ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì ń dúró de páàtì. Ọkọ ìyàwó bọ́ sílẹ̀ tòun ti àǹkárá lórí, eruku bo gbogbo ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò kí i, ẹrù aṣọ ló kọ́kọ́ gbà. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo agboolé lọ sọ́dọ̀ télọ̀, lẹ́yìn ìnáwó. Aya rẹ̀ ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin báyìí. Bí ọkọ bá bí i nínú, á ní òun á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó síbẹ̀ níjọ́ yìgì. Àbúrò á ní kí wọ́n má pe òun sí i.

Ọ̀nà náà kò dẹ̀ títí dòní. Oṣù Kìn-ín-ní 1994, wọ́n gé owó CFA sí ìlàjì ìye rẹ̀ sí owó Faransé. Ọdún 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Ìjà mìíràn tún dé lẹ́yìn ìdìbò 2010. Nàìjíríà tún ti bodè rẹ̀ ní 2019, àrùn Kòrónà sì bá a níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá dá, bọ́ọ̀sì á gbéra.

Fóònù ti wà báyìí, àwọn obìnrin wa sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi bodè dáná. Bí ìpè bá wọlé láti Noé, wọ́n á lọ ra ata. Bó bá wọlé láti Aflao, wọ́n á lọ̀ ọ́. Bó bá wá di Sẹ̀mẹ̀, ẹnì kan á kígbe láti ìdí ààrò pé kí wọ́n gbé ìkòkò ìrẹsì kaná, àwọn ará Àbíjàn ti ń wọlé bọ̀.