Wáyà Kò Já

Ẹni tó bá gbọ́ pé ọkùnrin kan já bọ́ nínú ihò ilẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé okùn ló já. Gbogbo ẹni tí mo ti sọ ìtàn Marcel Loubens fún ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, okùn kò já o. Wáyà irin tí wọ́n fi ń fa ọkùnrin náà sókè wà níbẹ̀ digbí. Irin kékeré tó fún ẹnu wáyà náà mọ́ra, èyí tó so ó pọ̀ mọ́ ìgbànú rẹ̀, òun ló tú. Ọ̀rọ̀ irin kékeré yẹn ni mo fẹ́ kọ.

Ihò náà wà lórí òkè Pyrenees, ní ẹnu ààlà ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì. Pierre-Saint-Martin ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ní ọdún 1950, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Georges Lépineux rí ẹyẹ dúdú kan, irú kannakánná, tó ṣàdédé fò jáde láti inú òkúta. Ẹyẹ kì í hù nínú òkúta, nítorí náà ó lọ wo ibẹ̀, ó sì bá ẹnu ihò. Ìsàlẹ̀ ihò yìí lé ní 300 mítà. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró nídìí Cocoa House ní Dùgbẹ̀ rí, tí ẹ gbójú sókè títí ọrùn fi dùn yín, ilé yẹn ga tó nǹkan bí 105 mítà. Ẹ to irú rẹ̀ mẹ́ta léra wọn, kí ẹ wá da orí wọn kodò sínú òkùnkùn. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ wọ̀.

Láyé ìgbà yẹn, àkàsọ̀ wáyà tí wọ́n lè ká bí ẹní ni àwọn tó ń wọ ihò sábà máa ń lò. Ṣùgbọ́n ta ni apá rẹ̀ fẹ́ gun 300 mítà lórí àkàsọ̀ tó ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún? Ni Max Cosyns bá ṣe ẹ̀rọ kan tí ń ká wáyà. Ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ni, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni pẹ̀lú. Ní 1932, òun àti Auguste Piccard ti wọ bàlúùnù lọ sókè ọ̀run tó lé ní 16,000 mítà. Ẹni tó ti lọ sókè báyẹn, ṣé ìsàlẹ̀ ni yóò wá bà á lẹ́rù? Ní 1951, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́, òun sì ni Lépineux fi dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó di 1952, iná mànàmáná ló ń yí i.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1952 ni Loubens wọlé. Ọmọ ọdún 29 ni, kì í sì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, torí ó ti bá Norbert Casteret, àgbà nínú iṣẹ́ náà, wọ ihò púpọ̀. Lẹ́yìn tó ti lo ọjọ́ mélòó kan nísàlẹ̀, ó tó àkókò kó gòkè ní ọjọ́ 13. Haroun Tazieff wà nítòsí rẹ̀. Ẹ̀rọ fà á sókè, ó fà á bí mítà 10, irin náà tú, Loubens sì já sórí òkúta. Kò tún bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ gidi mọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbàgbé. Dókítà kan wà lókè, Mairey lorúkọ rẹ̀. Aláìsàn rẹ̀ wà ní 300 mítà nísàlẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: wáyà yẹn, ẹ̀rọ yẹn, irú irin yẹn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Wọ́n tún un ṣe, dókítà sì so ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó sọ̀kalẹ̀. Èmi ò lè ṣe é, kí n má purọ́ fún yín. Gbogbo ìwé tó sọ ìtàn yìí ló ń kan sáárá sí Loubens, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi ọkàn Mairey le ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 36 tó já bọ́, Loubens kú.

Wọn kò lè gbé e gòkè. Wọ́n kó òkúta bò ó níbẹ̀, Tazieff sì kọ ọ̀rọ̀ ìrántí sára àpáta. Nílé wa, ẹni tó bá kú sẹ́yìn odi, bí a ò bá rí gbogbo ara rẹ̀ gbé, a máa ń gé irun àti èékánná rẹ̀ wá sílé ká lè sin ín sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn òbí ní ilẹ̀ Faransé náà mọ ìyẹn lára. Ọdún méjì gbáko lọmọ wà lábẹ́ òkúta. Ní 1954, wọ́n padà lọ: àlùfáà kan, Attout, ṣe Máàsì nínú ihò, wọ́n gbé òkú sínú àpótí, wọ́n fà á gba ihò gígùn yẹn jáde, wọ́n sì gbé e lọ sí ìlú rẹ̀, Mazères.

Àwọn kan dá Cosyns lẹ́bi. Èmi ò rò pé ẹ̀rọ ni ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀. Ohun tó burú ni pé irin kan ṣoṣo ló wà láàárín èèyàn àti ikú, tí ẹni tó wà lórí wáyà kò sì ní ohunkóhun lọ́wọ́ tó lè fi gba ara rẹ̀. Ẹ wo adẹ́mu wa. Igbà rẹ̀ yí ọ̀pẹ ká, ó yí ìdí òun náà ká. Bó bá fara tì í sẹ́yìn, igbà di igi mú. Bó bá fara mọ́ igi, igbà dẹ̀, á sì jù ú sókè. Kò sẹ́ni tó ń fà á. Ìwúwo ara rẹ̀ náà ló ń mú un dúró.

Irú ọgbọ́n yìí gan-an ni àwọn tó ń wọ ihò wá ń lò. Karl Prusik, ọmọ ilẹ̀ Austria, ti kọ̀wé nípa kókó okùn kan bẹ́ẹ̀ ní 1931: bí èèyàn bá rọ̀ mọ́ ọn, á di okùn ńlá mú, bó bá dẹ ìwúwo kúrò, á yọ̀ lọ sókè. Ní 1958, Jüsi àti Marti ní Switzerland fi irin eléyín ṣe tiwọn, wọ́n pa orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀, ó di Jumar. Nígbà tí ọdún 1960 sí 1969 ń parí lọ, Fernand Petzl àti Bruno Dressler ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tàwọn tó ń wọ ihò gan-an. Okùn kan, irin eléyín méjì: bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì á di okùn mú. Wọ́n sì máa ń so orí okùn náà mọ́ àpáta ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ.

Nínú ihò Pierre-Saint-Martin náà, àwọn ọ̀dọ́ láti Lyon rí gbọ̀ngàn kan ní 1953 tí wọ́n sọ ní La Verna. Ó lè gbé Cocoa House mì kí àyè ṣì kù lórí rẹ̀. Iléeṣẹ́ iná mànàmáná Faransé gbẹ́ ọ̀nà gba inú òkè wọ ibẹ̀, iṣẹ́ náà parí ní 1960. Láti 2010 ni àwọn tó ń rìnrìn àjò afẹ́ ti ń fẹsẹ̀ rìn wọlé.