Ẹ̀rọ Omi Tí Ń Jò ní Èkó Àkéte

Èkó Àkéte, arómisá lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀, ìlú tí ọ̀sà yí ká, tí òkun sì ń bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi mímu kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn fún un nígbà àtijọ́. Kànga ni wọ́n ń fà, tàbí kí wọ́n gbé ìkòkò sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nígbà òjò. Nígbà tí João Esan da Rocha, ọmọ Obòkun tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia láti kékeré, padà wálé, tí ó sì kọ́ ilé sí òpópónà Kakawa, kànga inú ọgbà rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi ń wá ra omi níbẹ̀, títí a fi ń pe ilé náà ní Ilé Omi.

Ní 1908, nígbà tí ìjọba Gómìnà Egerton jẹ́ kí ìlú gbọ́ pé wọn yóò san owó omi ẹ̀rọ tí a fẹ́ fà wọlé, Èkó gbiná. Wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn, àti pé ìtura àwọn òyìnbó ni a fẹ́ fi owó àwọn wá. Ọdún yẹn náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti fi tako owó náà. N kò rí ẹ̀bi kankan nínú ohùn wọn, nítorí kò tọ́ kí a gbowó lọ́wọ́ ẹni tí a kò bá gbìmọ̀. Síbẹ̀, ní 1915, omi ẹ̀rọ tí a fà láti Ìjù ṣàn dé Èkó, ó lé ní mílíọ̀nù méjì gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Nígbà tí ó sì di 1916 tí a gbé owó omi lé wọn lórí, ariwo tún sọ.

Omi tí a jà lé lórí báyìí ni ó ń kán tó, tó, tó láti ẹnu ẹ̀rọ nínú ilé ìdáná ẹlòmíràn lónìí: òjò ti dá, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni kò dá. Irú ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí yìí, ilé-iṣẹ́ Guest and Chrimes ti ìlú Rotherham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba àṣẹ lé e lórí ní 1845. Bí a bá ti ń yí orí rẹ̀, irin inú rẹ̀ a máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì tẹ wáṣà mọ́ ojú ihò tí omi ń gbà jáde. Awọ ni wáṣà ìgbà náà, kí rọ́bà tó gba ipò rẹ̀. Ìgbà tí wáṣà bá jẹ ni omi ń rí àyè yọ́ jáde. Ẹni tí ó bá sì ń fi ipá yí orí ẹ̀rọ kí ó lè dákẹ́, ńṣe ni ó ń gé wáṣà náà sí i. Púlọ́ḿbà tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ti omi pa láti òde, yóò fi sípánà tú orí ẹ̀rọ, yóò yọ èyí tí ó jẹ, yóò sì fi tuntun dípò. Bí ó bá ti ìka bọ inú rẹ̀, tí ó sì rí i pé ojú ihò gan-an ti di págunpàgun, yóò rin ín títí yóò fi jọ̀lọ̀, nítorí wáṣà tuntun kì í jókòó dáadáa lórí irin tí omi ti jẹ.