Ọta Ìbọn Ogun Jálumi, Ẹ̀rọ Awárin àti Ọ̀rọ̀ Bátìrì: Ọ̀nà Kan sí Ìtàn Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kọkànlá, ọdún 1878, ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n jẹ́ olórí fún, pàdé ogun Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá ní agbègbè Ìkìrun. Ìbàdàn ṣẹ́gun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń sá lọ ni ó kó sínú odò Ọ̀tìn, tí omi sì gbé lọ. Láti ara jíjá tí wọ́n já lu omi yìí ni ogun náà ti gba orúkọ tí à ń pè é títí di òní, Ogun Jálumi. Ṣàṣà ni ọmọ Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù tí ó ti gbọ́njú tí kò tí ì gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé níbo gan-an ni ìlà ogun méjèèjì ti pàdé, níbo ni ìbọn ti kọ́kọ́ dún, ibi wo ni àwọn tí ó ń sá ti já sí odò, ìdáhùn tí ènìyàn máa ń rí gbà ni pé "ní apá ibẹ̀ yẹn." "Apá ibẹ̀ yẹn" yìí ni iṣẹ́ wa dá lé lórí.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé irin tí ó wà nínú ilẹ̀ lè dáhùn díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, àti pé ẹni tí yóò bi ilẹ̀ léèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí bátìrì inú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó lè ya àwọn onímọ̀ ìtàn kan lẹ́nu pé a gbé bátìrì wọ inú ọ̀rọ̀ ogun. Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí: akọ̀wé tí tádàá rẹ̀ tán láàrin gbólóhùn mọ̀ pé tádàá ni ó tán. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ wá irin, tí bátìrì rẹ̀ sì ti ń rẹ̀, kì í tètè mọ̀. Yóò kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé "kò sí nǹkan níbí." Ẹni tí ó bá ka ìwé náà ní ogún ọdún sí i yóò gbà á gbọ́.

Ẹ̀rí tí a ní lọ́wọ́ àti èyí tí ó kù

Ẹ̀rí ogun yìí ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ nípa ọ̀nà méjì. Èkíní ni ìwé. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò kọ nípa Jálumi tí kò ní gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ rántí pé ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni ó fi wo ogun náà. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Iṣẹ́ tí Karin Barber ṣe ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970, tí ó di ìwé ní 1991, fi hàn kedere bí oríkì tí àwọn obìnrin ń ké ṣe ń gbé ìgbà àtijọ́ wá sí iwájú àwọn alààyè. Nínú ìtàn Òkukù, ogun Ìlọrin lé àwọn ará ìlú náà kúrò nílé, Ìkìrun ni wọ́n sì sá sí. Fún àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀, Jálumi kì í ṣe ìtàn ìlú ẹlòmíràn. Síbẹ̀, iṣẹ́ oríkì ni láti sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti wọn ilẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn jagunjagun ní 1878. Ọta tí àwọn alágbẹ̀dẹ rọ, tàbí èyí tí wọ́n fi òjé ṣe, ni wọ́n ń ki bọ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tù. Àwọn ìbọn òyìnbó tí a ń ki láti ìdí kò tí ì pọ̀. Àkókò ogun Kírìjì, tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà ní apá Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé títí di 1893, ni wọ́n tó di nǹkan tí a ń rí lọ́pọ̀ lójú ogun. Ìyàtọ̀ yìí wúlò púpọ̀. Bí a bá rí ìkarahun ọta tí wọ́n fi idẹ ṣe nínú oko kan lẹ́bàá Ọ̀tìn, ó ṣeé ṣe dáadáa pé kì í ṣe ti Jálumi. Bí a bá rí ọta rogodo onírin tàbí onójé mẹ́wàá, méjìlá, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ní ojú kan, ọ̀rọ̀ di méjì.

A kò sọ àsọdùn. Ní Amẹ́ríkà, ogun Little Bighorn, tí àwọn Lakota àti Cheyenne ti ṣẹ́gun Custer, wáyé ní 1876, ọdún méjì péré ṣáájú Jálumi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àríyànjiyàn ni ó wà lórí bí wọ́n ṣe jà á. Ní 1983 iná jó koríko pápá ogun náà. Ní 1984 àwọn awalẹ̀pìtàn Douglas Scott àti Richard Fox, pẹ̀lú àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni, to ara wọn ní ìlà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ awárin wá ilẹ̀ náà ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀, wọ́n sì ń fi àsíá kékeré sí ibi tí ẹ̀rọ bá ti dún. Ibi tí ọta kọ̀ọ̀kan wà ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ bí àwọn jagunjagun ṣe rìn láti ibì kan sí òmíràn. Ohun tí ó sì wá hàn níbẹ̀ gbe ẹ̀rí tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí àwọn òpìtàn òyìnbó kan kò kà sí.

Bí ẹ̀rọ awárin àti bátìrì ṣe di ọ̀rẹ́

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn Jálumi, ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1881, wọ́n yìnbọn fún James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà. Àwọn oníṣègùn kò rí ọta náà nínú ara rẹ̀. Alexander Graham Bell, ẹni tí a mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó ń lo bátìrì àti wáyà kíká, tí ìró inú rẹ̀ ń yí padà bí irin bá wà nítòsí. Ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Ààrẹ lẹ́ẹ̀mejì, ní ìparí oṣù keje àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Kò rí ọta náà. Lẹ́yìn èyí ni ó wá gbọ́ pé irin wà nínú ibùsùn tí Ààrẹ dùbúlẹ̀ lé. Olórí àwọn oníṣègùn sì tún ti pinnu pé apá ọ̀tún ni kí ó wá, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta wà. Garfield kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án. Àṣìṣe tí ẹ̀rọ awárin kọ́kọ́ ṣe nìyí, irú rẹ̀ ni ó sì ń ṣe títí di òní: ó ń dún nítorí irin tí a kò wá, ó sì ń dákẹ́ níbi tí a kò gbé e dé.

Bátìrì ìgbà náà jẹ́ ohun ìnira. Èyí tí Georges Leclanché ṣe ní 1866 jẹ́ ìgò tí ó ní omi nínú. Bí ó bá dànù, iṣẹ́ parí. Carl Gassner ará Jámánì ni ó sọ ọ́ di gbígbẹ ní 1886, tí ó ṣeé gbé kiri, tí ó sì ṣeé dojú kọ ilẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fún Gerhard Fischer ní ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ awárin tí ènìyàn lè gbé rìn ní 1937. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ogun Poland kan, Józef Kosacki, ṣe irú kan ní ilẹ̀ Scotland ní 1941 fún wíwá àdó olóró abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n lo 500 rẹ̀ ní El Alamein ní 1942. Ìwọ̀n ẹ̀rọ náà tó kílò 14, ó sì ní ẹrù tí ọmọ ogun ní láti pọ̀n sẹ́yìn, nítorí àwọn gílóòbù inú rẹ̀ ń jẹ iná bí ẹṣin ṣe ń jẹ koríko.

Tiransísítọ̀, tí wọ́n ṣe ní 1947, ni ó tú ẹrù náà kúrò lẹ́yìn ènìyàn. Ẹ̀rọ tí ń jẹ iná díẹ̀ lè lo bátìrì kékeré. Ní 1956 ni bátìrì onígun mẹ́rin ti fólítì 9 dé fún àwọn rédíò kékeré. Òun náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀pá atọ́ka. Ọ̀pá atọ́ka ni a ó máa pe ẹ̀rọ kékeré tí kò ju kárọ́ọ̀tì ńlá lọ, tí a ń fi ọwọ́ kan mú. Bí ẹ̀rọ awárin ńlá bá ti sọ pé irin wà ní àyíká, ọ̀pá atọ́ka ni yóò tọ́ka sí ojú ibi tí ó wà gan-an, kí wọ́n má baà ba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ ayé bátìrì lórí ilẹ̀ Ọ̀tìn

Bí a bá tú bátìrì fólítì 9, àgbá kékeré mẹ́fà ni ó máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fólítì 1.5. Bí ọ̀kan bá ṣàárẹ̀, gbogbo wọn ni yóò jìyà rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ alkaline, irú èyí tí iṣẹ́ Lewis Urry mú dé ọjà ní 1959, a máa gbé iná tí ó tó 500 mAh. Olówó pọ́ọ́kú tí ó jẹ́ ti èédú àti zinc máa ń gbé nǹkan bí 400. Èyí tí a ń fi iná kún a máa gbé nǹkan bí 200. Bí a bá ní ọ̀pá atọ́ka tí ń jẹ 20 mA, ìṣirò lásán yóò fún wa ní wákàtí 25, 20 àti 10. Ẹgbẹ́ ìwádìí tí ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ yóò rò pé òun ní ọjọ́ mẹ́rin lórí bátìrì kan. Ìṣirò ni èyí. Ilẹ̀ kì í tẹ̀lé e. Bátìrì tí ó ti jókòó nínú ooru ìsọ̀ fún oṣù púpọ̀ ti ń kú kí a tó rà á, àtẹ̀jáde ọdún tí ó wà lára rẹ̀ kò sì sọ irú ibi tí wọ́n gbé e sí. (Àwọn kan a máa fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ahọ́n yóò sọ fún ọ pé iná wà. Kò lè sọ iye tí ó kù.)

Ohun tí ó léwu jù fún òpìtàn ni bí bátìrì èédú ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀. Nínú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ohun tí ń mú fólítì dúró sójú kan, ọ̀pá tí ó ń gbọ́ irin láti jìnnà díẹ̀ ní òwúrọ̀ lè wá nílò kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan irin náà ní ìrọ̀lẹ́. A tún mọ ìwà rẹ̀ mìíràn láti kékeré wa, nígbà tí a ń sá bátìrì rédíò sí oòrùn kí a lè gbọ́ bọ́ọ̀lù parí: bí ó bá sinmi, yóò jí díẹ̀, yóò sì tún kú. Ẹgbẹ́ ìwádìí tí ó bá lọ jẹun ní ọ̀sán, tí ó padà dé, lè gbọ́ irin ní ibi tí kò ti gbọ́ nǹkan kan ní wákàtí kan ṣáájú. Èwo ni yóò kọ sílẹ̀?

Ilẹ̀ agbègbè wa wá dá kún un. Yangí, tí àwọn àgbà fi ń mọ ilé, kún fún èròjà irin, ó sì ń da ẹ̀rọ láàmú. Níbi tí àwọn àgbẹ̀dẹ ti ṣiṣẹ́ rí, ìdàrọ́ wà níbẹ̀. Ojú irin tí wọ́n là gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ti fọ́n ìṣó àti irin wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Ká má tilẹ̀ sọ ti ọkọ́ tí ó kán, agolo sadíìnì àti ìdérí ìgò ọtí. Láàrin ariwo báyìí, ọta kan tí kò tó èkùrọ́ ni a ń wá. Ẹni tí ẹ̀rọ bá dà láàmú yóò dín agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ kù kí ó lè sinmi. Bí bátìrì bá sì tún ń rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, ọta yóò wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì ní gbọ́ ọ.

Nítorí náà, lójú tiwa, gbogbo "kò sí nǹkan" tí a bá kọ gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí. Kí a ri ìṣó kan tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ oko, kí a máa fi ọ̀pá dán an wò ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì kọ bí ó ṣe jìnnà tó kí ó tó dún. Kí a kọ irú bátìrì tí a lò, wákàtí tí a fi sí i àti fólítì tí ó kù nígbà tí a yọ ọ́. Bí ìdánwò ìrọ̀lẹ́ bá kéré sí ti òwúrọ̀, àwọn ìlà tí a rìn láàrin méjèèjì kò tí ì ní ìdáhùn. Kí a tún wọn rìn.

Àṣẹ àti ìkánjú

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé yìí kí ó sì gbé ẹ̀rọ lọ sí etí Ọ̀tìn lọ́la. Òfin tí ó dá Àjọ tí ń rí sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí sílẹ̀, ti ọdún 1979, kò gba wíwa ilẹ̀ láti wá ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ. Ọta tí a bá hú jáde láìwọn ibi tí ó wà ti di irin lásán, nítorí ibi tí ó wà gan-an ni ìtàn inú rẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ kò sì nílò ṣọ́bìrì rárá: kí a gba àṣẹ, kí a bá àwọn olóko àti àwọn ọba sọ̀rọ̀, kí a rìn, kí a fi àsíá sí i, kí a yàwòrán rẹ̀ sórí máàpù.

Ṣùgbọ́n àkókò kò dúró. Ilé ń tẹ̀síwájú láti Ìkìrun sí ọ̀nà Ìnísà, katakata a sì máa yí ilẹ̀ po ní wákàtí kan ju bí ọkọ́ ti ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àwọn tí ń ra àlòkù irin ń wọ abúlé, wọn kì í sì í béèrè ọdún tí irin ti wà. A gbà pé etí odò, níbi tí àwọn tí ó ń sá ti lè sọ ìbọn àti idà nù kí wọ́n tó bọ́ sómi, ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, tí wọ́n sì ti sun koríko. Ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́fà tó, pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá méjì, ọ̀pá atọ́ka méjì, okùn ìwọnlẹ̀, ìṣó ìdánwò kan, àti bátìrì tuntun fún òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan.