Mọ́tò inú páálí

 

Fídíò tí ẹnì kan fi sí gúrúùpù wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òyìnbó kan ti tú páálí sílẹ̀ nínú gáréèjì ilé rẹ̀, tó ń to mọ́tò bí ẹni ń to bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín ni gbogbo yín fi pa. Ẹ̀gbọ́n wa kan tiẹ̀ ní, "Ṣé kò sí mọ́tò odidi nílùú wọn ni?" Ó wà o, ó wà dáadáa. Èmi tí mò ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Kàdúná níbí ò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó-orí ni, ọ̀rọ̀ owó-orí sì kan gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn ogun Hítílà. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Colin Chapman. Yunifásítì ló wà, iṣẹ́ ẹnjiníà ló ń kọ́, ṣùgbọ́n ó ń ta mọ́tò àlòkù mọ́ ọn. Oníṣòwò bíi tiwa ni. Ìwé ni ìjọba fi ń pín epo bẹntiróòlù nígbà yẹn. Nígbà tí ọdún 1947 ń parí lọ, wọ́n fagi lé ìpín epo àwọn tó kàn ní mọ́tò tara wọn. Ta ló wá fẹ́ ra mọ́tò tí kò ní rí epo fún? Ọjà kú mọ́ Chapman lọ́wọ́. Ó gbọ̀n ọ́n tà ní iyekíye, èrè wọlẹ̀, ó wá ku ẹyọ kan tí ẹnikẹ́ni ò yà sí: Austin Seven ọdún 1930. Ẹ̀yin tí ọjà ti sùn sí lọ́rùn rí mọ bó ṣe ń rí. Ó wọ́ ọ lọ sínú gáréèjì ẹ̀yìn ilé àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Hazel, ó tú u palẹ̀, ó sì fi to ọkọ̀ eré-ìje. Lotus àkọ́kọ́ nìyẹn, 1948. Nígbà tó fi máa dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1952, £25 tí Hazel yá a ló fi bẹ̀rẹ̀, inú ilé ẹṣin àtijọ́ lẹ́yìn ilé ọtí bàbá rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà sì wà.

Ó wá kan owó-orí. Láti 1940, nítorí ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbé owó-orí lé ọjà tí wọ́n kà sí afẹ́, mọ́tò sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò odidi ni òfin ń wò. Ẹ̀yà tí kò tíì di mọ́tò, kò kàn án. Chapman gbé Lotus Seven jáde ní 1957, ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì tí kò ní òrùlé gidi, tí kò tó 500 kg. Ìwé ìròyìn The Motor dán ọ̀kan wò ní 1958, iye tí wọ́n kọ fún odidi rẹ̀ ni £1,157. Nínú owó yẹn, £386 jẹ́ ti ìjọba. Ẹ wá gbọ́ iye ẹni tó bá rà á ní ẹ̀yà-ẹ̀yà: £399 fún ẹrù Lotus, £100 fún ẹ́ńjìnnì àti gíà Ford, £27 fún irin ẹ̀yìn tó gbé táyà. Ẹ rò ó pọ̀. £526! Kò tó ìlàjì. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe owó-orí nìkan ló jábọ́ níbẹ̀, owó iṣẹ́ náà jábọ́, torí ìwọ tó rà á lo máa ṣe é.

Òfin ò sì gbà kí ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tò ó bá a lọ. Ìtàn táwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ yìí máa ń sọ ni pé ìwé bí a ṣe ń tú u palẹ̀ ni Chapman kọ. Oníbàárà á wá máa kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ọgbọ́n Ìjàpá gan-an!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kàdúná mọ̀ pé ẹ̀yà-ẹ̀yà ni Peugeot 504 náà ṣe máa ń wọ ilé iṣẹ́ ibí nígbà kan rí, bẹ̀rẹ̀ láti 1975, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ta ọ̀kadà mọ̀ pé inú páálí ló ń ti òkè òkun bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ àti mẹkáníìkì ló ń tò ó. Oníbàárà tiwa ò fọwọ́ kan bóòtù kan.

Ti kit yìí yàtọ̀, àtitò gan-an kọ́ ló sì le jù níbẹ̀. Kí ó tó dọ́gba niṣẹ́ wà. Ẹ fojú inú wo tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń mì. Tẹ́ ẹ bá há páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ yẹn á gbé ẹrù sí i, èyí tó wà ní igun òdìkejì rẹ̀ náà á gbé sí i, àwọn méjì yòókù á fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò. Wọ́n á gbé òṣùwọ̀n mẹ́rin sábẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni tó máa wà á á jókòó síbẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé ẹrù tó wọ̀n bíi tiẹ̀ sórí ìjókòó rẹ̀, torí nínú ọkọ̀ tó fúyẹ́ báyìí, ara awakọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Wọ́n á wá máa yí òrùka tó gbé sípíríǹgì díẹ̀díẹ̀. Iwájú òsì pẹ̀lú ẹ̀yìn ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá iwájú ọ̀tún pẹ̀lú ẹ̀yìn òsì dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, mọ́tò á gba kọ́ọ̀nù sọ́tùn-ún dáadáa, á sì máa ṣagídí sósì. Tí wọ́n bá tẹ bíréèkì líle, táyà kan á ti dúró gbagidi kí èkejì rẹ̀ tó mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú táyà, lẹ́yìn rẹ̀ kábúrétọ̀ àti táímìn, tó jẹ́ pé wọ́n lè yí i láàárọ̀ kí wọ́n tún un yí lálẹ́. Bàbá kan tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa fi etí gbọ́ táímìn bí ẹni ń gbọ́ ìlù.

Ó wá di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1973. VAT dé. Ẹ̀yà o, odidi o, gbogbo rẹ̀ ló ń san án. Àǹfààní ọdún pípẹ́ lọ lọ́jọ́ kan. Ilé iṣẹ́ Gilbern ní Wales, tí alápatà kan àti ẹnjiníà ará Jámánì kan dá sílẹ̀, tí wọ́n ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹran bẹ̀rẹ̀, tì pa lọ́dún náà. Lotus fúnra rẹ̀ yọwọ́ nínú Seven. Èmi ò dá wọn lẹ́bi, àmọ́ ẹni tó bá ń ta àlàfo inú òfin, ọjọ́ tí ìjọba bá dí i lọjà rẹ̀ tán. Oníṣòwò kan, Graham Nearn ti Caterham, tó ti ń ta Seven tẹ́lẹ̀, ló gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń tà á ní kit títí dòní. Owó-orí ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń rà á ń ra iṣẹ́ náà gan-an ni, pé "èmi ni mo tò ó."

Ní 1996, Ron Champion kọ ìwé bí èèyàn ṣe lè fi £250 péré to irú ọkọ̀ yìí. Kò ní kí wọ́n ra páálí kankan. Ford Escort àlòkù ni kí wọ́n tú, kí wọ́n sì fi páìpù onígun mẹ́rin jó ṣaasí rẹ̀, irú èyí tí àwọn wẹ́dà wa fi ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé. Locost ni wọ́n ń pè é. Ìjọba náà ò sùn: láti 1998, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kí ó tó dójú títì, wọ́n á wo bíréèkì, wọ́n á wo dígí, wọ́n á tiẹ̀ fọwọ́ pa ara rẹ̀ bóyá irin kan mú tó lè ya èèyàn.

Èyí tí wọ́n fi àlòkù oríṣiríṣi tò, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò yé ìjọba mọ́, lẹ́tà Q ni nọ́ńbà rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí fídíò òyìnbó bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ná kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Oníbàárà ti dé, ẹ jẹ́ n dá a lóhùn.