Ọdún Tí A Kò Bọ Ara Wa Lọ́wọ́

Bí ẹ bá wo fọ́tò ìpàdé wa àkọ́kọ́, ẹ ó rí i pé kò sí ẹni tó bọ ẹnìkejì lọ́wọ́. Ìjà kọ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni, Ẹ̀bólà sì ti wọ Èkó. Àwa tí a wà ní báńkì ń ka owó bí ẹni tó di ejò mú. Nígbà tí wọ́n ní omi iyọ̀ ló ń lé àrùn náà, ọ̀kan nínú wa fi wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Iwájú ló jókòó sí lónìí.

Ọjọ́ 20 oṣù keje ni aláìsàn kan ti Làìbéríà dé. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò jẹ́ kó kúrò nílé ìwòsàn, bí wọ́n tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Àrùn náà ló pa á ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì nígbà náà, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo èèyàn láti wọ wọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣí ní Yábàá. Síbẹ̀ àwọn kan yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n wọlé.

Àwọn mìíràn ń fi ẹsẹ̀ rìn. Èèyàn tó súnmọ́ 900 ni wọ́n ní láti máa ṣọ́ fún ọjọ́ 21, kí wọ́n máa wò ó bóyá ara wọn gbóná. Ìbẹ̀wò ojúkojú náà tó 18,500. Òṣìṣẹ́ tó ń gbowó wà nínú wọn, ẹni tó kàn yọ̀ǹda ara rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ro ti Èkó wò: ilé tí kò ní nọ́ńbà, onílé tó ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ wá gbé òun lọ. Owó kò lè kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n ṣí i. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Ní Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àwọn baba wa kì í ṣe ti aṣọ nìkan. Wọ́n ń yẹ ọ̀nà, wọ́n ń ṣọ́ ìlú. Ẹni tí kò bá jáde, owó ìtanràn ń bẹ, àmọ́ kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá; òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí. Lónìí, àwa là ń sáré san owó kí a má baà jáde.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Nígbà Kòrónà ní 2020, ọjọ́ méjì péré ni owó oúnjẹ tí a dá fi pé. Nígbà tó di gbígbé àpò ìrẹsì lọ fún àwọn arúgbó, ẹni 6 ló wá. Àwọn 6 yìí ló wá mọ ìyá tó ń dá gbé, àti bàbá tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti tán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Láti ìgbà náà, a kò tíì tún un kọ, àwọn kan nínú rẹ̀ sì ti di olóògbé. Ìwé náà wà lórí tábìlì akọ̀wé wa lónìí, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba oúnjẹ. Ẹni tó bá ní ọjọ́ Sátidé kan kí ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.