Yírùnyírùn Fọ́ńgọ́ọ̀sì Lára Aláìsàn Kíndìnrín: Àyẹ̀wò Tó Yẹ Kó Ṣáájú Ìrìn-àjò láti Kaboua

Bí orí bá ń fọ́ aláìsàn kíndìnrín ní Kaboua, lágbègbè Ṣábẹ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń ṣe ségesège, ohun mẹ́ta ló máa ń yára wá sọ́kàn: ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí èérí tí kíndìnrín kò rí sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Mo fara mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìkẹrin wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ìyẹn yírùnyírùn tí fọ́ńgọ́ọ̀sì Cryptococcus ń fà. Kì í ṣe irú èyí tó ń jà lọ́yẹ́ ní àríwá Benin, tí í dé wọ̀ǹwọ̀. Èyí lè yọ́ jẹni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ọrùn má sì le. Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹyẹlé ló wà. A fà á símú, ó wọ ẹ̀dọ̀fóró, bí ara kò bá sì lè sé e mọ́, ó di inú ọpọlọ. Àìsàn kíndìnrín ń dín agbára ara kù. Prednisone tí a fi ń wo oríṣi rẹ̀ kan tún ń dín in kù sí i.

Àwọn kan á ní àrùn ẹlẹ́ẹ̀díìsì ni. Lóòótọ́, àwọn ló pọ̀ jù. Àmọ́ ìṣirò ọdún 2020, tó ka nǹkan bí 152,000 aláìsàn àti 112,000 òkú lágbàáyé, àwọn tó ní HIV nìkan ló kà. A kò lè fi í sọ pé àwọn yòókù kò sí. Àtakò tó wúwo jù ni pé amphotericin B, oògùn tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, ń ba kíndìnrín jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àrùn yìí, bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, pípa ló ń pani. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ ńlá kan ṣoṣo ti oríṣi amphotericin tí wọ́n fi ọ̀rá wé, pẹ̀lú flucytosine àti fluconazole. Ìwádìí tó gbé e ró, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún nílẹ̀ Áfíríkà, rí i pé ìpalára rẹ̀ kéré sí ti àtijọ́. Àwọn tó ní HIV náà ni wọ́n yẹ̀ wò, nítorí náà mi ò ní sọ pé ewu ti tán fún aláìsàn kíndìnrín. Inú ìtọ̀ ni oògùn méjì yòókù ń bá jáde, dókítà sì gbọ́dọ̀ dín wọn kù.

Bí wọ́n bá rò pé èérí inú ẹ̀jẹ̀ ló fà á, ó lè di Parakou tàbí Cotonou kí wọ́n tó rí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ tán tí iyè kò sọ, ọjọ́ ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ ìka díẹ̀ lórí pépà àyẹ̀wò lè fi àmì fọ́ńgọ́ọ̀sì náà hàn láàárín ìṣẹ́jú 10, ní Ṣábẹ níbẹ̀, kí aláìsàn tó wọkọ̀. Bí kò bá fi hàn, ọ̀rọ̀ kò tíì parí fún ẹni tí kò ní HIV. Kí wọ́n ṣì fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn.